Ẹ̀pà Inú Àpò Aṣọ Ìyàwó

"Ta ló jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Ìyá Arẹwà kò tilẹ̀ pariwo. Ohun tó dẹ́rù bani níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Aṣọ ìyàwó funfun tí nọ́ọ̀sì kan gbé wá fún un láti bá a tún rán ló nà sókè. Èkúté ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ luhò níbi àpò, èèpo ẹ̀pà sì ń jábọ́ láti inú rẹ̀.

Gbogbo ará ilé ló mọ òfin. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá kàn á po ìyẹ̀fun mọ́ ṣúgà àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, á ṣù ú kéékèèké, á kó o sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí oògùn èkúté, á sì fi irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò dí ihò ara ògiri. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, torí èkúté kì í wo èyí tó bá ti gbẹ. Ìyá kórìíra májèlé ọjà. Ó ní èkúté tó bá jẹ ẹ́ á lọ kú sábẹ́ aṣọ oníbàárà, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé.

Lánàá, Arẹwà ló kàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ìyẹ̀fun sínú abọ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti kíláàsì wọlé, tàwọn ti ẹ̀pà dídín lọ́wọ́.

"Yéè! Ẹ wá wo alásè eku!" Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ wo lo fẹ́ sè fún wọn?"

Ojú ti Arẹwà, ó ti abọ́ náà sábẹ́ tábìlì. Ìkejì nawọ́ sí aṣọ ìyàwó. "Gbé yẹn wọ̀, ká yà ọ́ ní fọ́tò. Ká tiẹ̀ mọ̀ bóyá lóòótọ́ lo rẹwà."

Ó mọ̀ pé kò dáa, ó sì wọ̀ ọ́. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń yí bírí, ó rọ ìyókù sínú àpò aṣọ. Nígbà tó bọ́ ọ, kò rántí ẹ̀pà, kò sì rántí ìyẹ̀fun.

"Mo ní ta ni?" Ìyá tún bèèrè.

Àwọn méjì ló wà níwájú rẹ̀: Arẹwà, àti ọmọṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa nídìí aṣọ. Ó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìyá ti ṣèlérí ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún un, èyí tí yóò fi máa bọ́ bàbá rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́. Ẹ má bi mí bóyá Arẹwà mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa.

"Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni, mà. Mo rí wọn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà."

"Èmi kẹ̀?" Abẹ́rẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ dákun, èmi kọ́! Ṣé mo ti purọ́ fún yín rí?"

"Dìde, kó ẹrù ẹ."

"Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀rọ wo? Òun ni màá tà, màá fi ra aṣọ mìíràn fún oníbàárà. Jáde!"

Abẹ́rẹ́ wo Arẹwà, ó ń retí pé kó sọ̀rọ̀. Arẹwà ń wo ilẹ̀.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Arẹwà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yà á ní fọ́tò jà, ọ̀rẹ́ náà bá gbé fọ́tò ọ̀hún sórí ìkànnì ayélujára kí gbogbo ayé rí i. Nọ́ọ̀sì rí i, ó sì gbé e wá bá ìyá. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yín kọ́ nìyí nínú aṣọ mi, tó ń jẹ ẹ̀pà?"

Ìyá wò ó títí. Kò na Arẹwà. Ó ní, "Lọ wá Abẹ́rẹ́ kàn. Fi ẹnu ara ẹ sọ fún un, kó o sì ní kó padà wá."

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ló ti bá Abẹ́rẹ́, tó ru sìmẹ́ńtì. Arẹwà kúnlẹ̀ sínú eruku, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ẹkún sì gba ojú rẹ̀ kan.

"Màmá mi ní kẹ́ ẹ padà wá. Ẹ dákun, èkúté yẹn ló..."

Abẹ́rẹ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó fi ìka kan fa etí yunifọ́ọ̀mù Arẹwà. Òwú aṣọ kọ́ mọ́ awọ ìka rẹ̀ tó ti sán, ó sì fà á yọ.

"O rí i? Aṣọ ìyàwó ta ni mo tún fẹ́ fi ọwọ́ yìí rán?" Ó gbé sìmẹ́ńtì rẹ̀ sórí. "Èkúté kọ́ ló bayé mi jẹ́. Ẹnu ẹ ni."

Kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, Arẹwà ló ń po ìyẹ̀fun nírọ̀lẹ́, yálà ó kàn án tàbí kò kàn án. Èkúté kò wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ìyá rẹ̀ kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ lè po oògùn èkúté nínú ilé ìdáná yín. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹ bá pa mọ́ ẹlòmíràn, kò sí ohun tí ẹ lè pò tí yóò dá ohun tó ti jẹ padà.