Àlàfo Aago Mẹ́rin

N kì í mu ọtí, n kì í sì í lálàá ọ̀sán. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn tó fi ojú ara wọn rí i wà láàyè, ẹ lè bi wọ́n. Èmi nìkan ni n kò rí i.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama. Wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ nínú ilé náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òórùn rọ́bà ṣì wà lára ògiri. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni a ní. Bí òjò bá rọ̀, a ó gbé korobá sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, a ó sì máa bẹ omi kó má ṣe kán gbọ̀ngbọ̀n nígbà tí ìròyìn bá ń lọ. Ìlú wa àti àwọn abúlé tó yí i ká nìkan ló ń rí wa. Àwòrán wa kì í kọjá òkè. Síbẹ̀, bí iná bá lọ tí a kò tètè tan jẹnẹrétọ̀, àwọn èèyàn á máa pè wá lórí fóònù bí ẹni pé a jí ewúrẹ́ wọn gbé.

Ìyàwó mi ni atọ́kùn. Òun ló máa ń ṣí ilé iṣẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó kọ́kọ́ gbé àwòrán onílà aláràbarà sáfẹ́fẹ́ pẹ̀lú orin. Orin á tán. Èmi, tí mo wà ní yàrá ìdarí lẹ́yìn dígí, màá gbé ọwọ́ sókè. Òun, nínú sítúdíò, á tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, á máa wò mí. Bí mo bá gbé ọwọ́ wálẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ìwọ ló kàn. Ìgbà yẹn ni yóò yíjú sí kámẹ́rà, yóò kí àwọn èèyàn, yóò sì ka ètò ọjọ́ náà fún wọn.

A kì í fi ẹnu sọ ohunkóhun. Dígí náà nípọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ni tọkọtaya tí kì í jà níbi iṣẹ́, nítorí pé a ò lè gbọ́ ohùn ara wa.

Ìgbà òjò ni ìyàwó mi kú. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Wọn kò gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ọ̀gá ní bí orin bá ti tán, kí n máa gbé ètò àkọ́kọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọwọ́ mi kò gbọ́. Bí orin bá tán, á gòkè fúnra rẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀. Màá máa wo sítúdíò tó ṣókùnkùn títí àsìkò tó fi máa ń ka ètò á fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni màá tó gbé ètò sí i. Ní gbogbo àsìkò yẹn, dúdú ni a ń gbé sáfẹ́fẹ́. Lójú ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ohun tó ń jáde, dúdú ni. Kò sí ohùn.

Mo ń retí kí àwọn èèyàn pè láti bínú. Ẹnikẹ́ni kò pè.

Obìnrin tó ń ránṣọ ní àdúgbò wa ló kọ́kọ́ là á yé mi. Ó ti rìnrìn àjò fún ìgbà pípẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo lọ gba ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí ìyàwó yín o. Wọ́n ti rù díẹ̀. Àbí ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n jẹun ni?"

"Ìyàwó mi ti kú, màmá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ẹni tí mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n lánàá?"

Ó wá wo ojú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ń gbé kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí kásẹ́ẹ̀tì kankan. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, ta ló máa fi ṣòfò lórí ìkíni? Ojú ẹsẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́, a kò gbà á sílẹ̀ rí. Gbogbo ọdún tó fi bá ìlú sọ̀rọ̀, èmi tí mo jẹ́ ọkọ rẹ̀ kò ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe. Oníwáyà ni a máa ń pè é.

"Oníwáyà, kí ni wọ́n ń rí nílé yín ní aago mẹ́rin?"

Ó ń yí ṣúkúdíráfà lọ́wọ́. "Bàbá, mo rò pé ẹ mọ̀."

"Mọ kí ni?"

"Pé wọ́n ń rí ìyàwó yín. Ìyàwó mi ní ètò tí wọ́n ń kà kì í tàsé. Ẹ má bínú. A ò mọ ẹni tó máa sọ fún yín."

Mo ní kí ó jókòó sídìí iṣẹ́ dípò mi lọ́jọ́ kejì. "Fi àlàfo dúdú yẹn sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Má gé e."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Kódà bí ọ̀gá bá wọlé, màá ní ìka ló ń dùn mí."

Nígbà tó di ọjọ́ náà, mo lọ sí ilé àbúrò ìyàwó mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé àga dè mí.

"Bùrọ̀dá, ibí ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ibí ló mọ́lẹ̀ jù."

Orin tán. Ojú tẹlifíṣọ̀n di dúdú.

Àbúrò ìyàwó mi mí kanlẹ̀. "Ó ti dé."

Mo wò ó. Dúdú ni.

"Níbo?"

"Níwájú yín, Bùrọ̀dá. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yẹn ló wọ̀."

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí mi. "Ẹ ò rí wọn ni?"

Mo sún mọ́ ọn títí dígí tẹlifíṣọ̀n fi ń gún mi nímú wínníwínní. Ojú ara mi ni mo rí níbẹ̀.

"Kí ló ń sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Kò ṣe báyìí rí. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó ń tún ọrùn aṣọ ṣe. Ó ṣe é tán, ó tún ń ṣe é. Bùrọ̀dá, ó dà bíi pé ó ń wá ẹnìkan."

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni dígí wa wà.

Mo dìde. N kò wọ bàtà. N kò tíì dé ìkóríta tí mo fi gbọ́ ohùn ètò àkọ́kọ́ láti ojú fèrèsé àwọn èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sí àyè mi. Mo gbé ọwọ́ sókè sí òkùnkùn, mo gbé e wálẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi pè mí.

"Ó sọ̀rọ̀ lónìí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá wà níbẹ̀, gbogbo ìlú á rí i, èmi ò ní í rí i. Bí mo bá kúrò, á jókòó síbẹ̀, á máa wá mi. N kò gba ìsinmi mọ́. Ikọ́ mú mi, mo lọ. Òjò rọ̀, mo lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun tó lè ṣí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá pè mí.

"Bàbá, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ lọ sinmi."

"Àlàfo yẹn ńkọ́?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Ìyá mi náà máa ń wo ìyàwó yín. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún wọn nílé. Àmọ́ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ní àwọn ò fẹ́ dúdú lórí afẹ́fẹ́ mọ́."

Lọ́jọ́ tí mo lò kẹ́yìn, Oníwáyà dúró tì mí. Kò ṣe àwàdà kankan. Orin tán. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó pẹ́ kí n tó lè gbé e wálẹ̀. A ń wo dígí.

Fóònù dún.

"Bùrọ̀dá, kò ka ètò lónìí."

"Kí ló ṣe?"

"Ó wo ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ó wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé e wálẹ̀. Ó wá ń wò, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

Mo ní mi ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ ló ń ṣí ilé iṣẹ́ báyìí. Kò sí àlàfo, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́rin bá lù, inú ilé mi máa ń pa rọ́rọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù aládùúgbò á dákẹ́. Ẹyẹ á dákẹ́. Ọwọ́ mi á lọ sí ọrùn aṣọ mi, á tún un ṣe.

N kò tíì mọ ohun tí màá sọ.