Ohùn Láti Ibi Ìyọ́ Tánganran

Ọjọ́ tí obìnrin yìí kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lórí fóònù, ìbéèrè iṣẹ́ ló tìtorí ẹ̀ pè. Ọkùnrin náà ò jẹ́ kó rí i bi. Ó kí i dáadáa, ó sì ní ṣé ó ti jẹun. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi obìnrin náà bóyá ó ti jẹun. Ó gbé bíìrò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín. Mi ò tíì jẹun."

"Ẹ lọ jẹun ná, kẹ́ ẹ wá tún pè. Tánganran ò ní sá lọ."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù àti rédíò ni obìnrin náà wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wádìí ibi tí gbogbo ohun tí wọ́n ń rà ti wá: ta ló wà á nínú ilẹ̀, ṣé wọn ò fipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, ibo ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn sí. Àwọn ará ọ́fíìsì sọ ọ́ ní Ìyá Oníbéèrè. Tí àwọn tó ń ra ọjà fún ilé iṣẹ́ náà bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ṣe ni wọ́n máa ń dọ́gbọ́n yà sí yàrá mìíràn.

Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ jẹ́ alábòójútó níbi tí wọ́n ti ń yọ́ tánganran, irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ẹ̀dì tó ń so inú fóònù pọ̀. Ìlú wọn jìnnà, ìrìn odidi ọjọ́ kan ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé. Obìnrin náà kò tíì lọ́kọ rí. Àga mẹ́rin ló wà nídìí tábìlì rẹ̀ nílé, ọ̀kan ṣoṣo ni tìmùtìmù rẹ̀ ti pẹlẹbẹ.

Ìbéèrè iṣẹ́ kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ọkùnrin náà máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ni obìnrin náà bá sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ náà ń pè é ní Oníbéèrè mi. Lọ́jọ́ kan, láàárín ọ̀rọ̀, ó ṣèèṣì pe obìnrin náà ní "o" dípò "ẹ". Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Wọn ò tíì fojú kanra rí, síbẹ̀ wọ́n fẹnu kò pé tí àsìkò òjò bá ti dá, Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ á wá tọrọ obìnrin náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Inú ẹ̀gbọ́n dùn débi pé ó ti ra kọ́tìnnì tuntun sí pálọ̀.

Àfi ọjọ́ kan tí Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ pè, tí ohùn rẹ̀ wúwo. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà níkùn òun tí kò jẹ́ kóun sinmi. Kì í ṣe gbogbo tánganran tí wọ́n ń tà ló wá láti ibi tí wọ́n sọ. Ọ̀gá òun ti ń ra òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á lódìkejì òkè, ó sì ń pò ó mọ́ ọn. Inú odò tí àwọn èèyàn ń mu ni àwọn yẹn ti ń fọ̀ ọ́. Omi náà ti pọ́n bíi bíríkì, ara sì ń yún àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ níbẹ̀.

Obìnrin náà bi í pé, "Ṣé èmi lo sọ fún, àbí ilé iṣẹ́ wa?"

Ọkùnrin náà dáhùn. "Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ká ní mo fẹ́ kó wà ní bòókẹ́lẹ́, ẹlòmíràn ni ǹ bá nífẹ̀ẹ́."

Nígbà tí obìnrin náà sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun máa fi tó ọ̀gá òun létí, ẹ̀gbọ́n kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní kó panu mọ́, pé ilé iṣẹ́ kì í ṣe ti bàbá wọn, pé ọjọ́ orí ò dúró de ẹnikẹ́ni. "Ọkọ lò ń wá ni, àbí odò?"

Síbẹ̀, obìnrin náà sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má já àwọn tó ń yọ́ tánganran náà sílẹ̀ lójijì, kí wọ́n fún wọn láyè láti tún ara wọn ṣe. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn sí wọn, ta ló tún máa bá wọn sọ̀rọ̀ odò? Ọ̀gá mirí. Ó ní àwọn oníbàárà ń wo àwọn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n dá ríra dúró.

Iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ tánganran kú. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ náà sì wà lára wọn. Gbogbo ìlú mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Obìnrin náà pè é títí, fóònù ń dún, kò gbé e. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ dún mọ́.

Òjò dá. Kò sẹ́ni tó wá. Obìnrin náà bá gbàyè níbi iṣẹ́, ó wọkọ̀ òru lọ sí ìlú ọkùnrin náà.

Ìyá ọkùnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó fún un lómi, ó wò ó títí. "Ìwọ ni ohùn tó máa ń mú ọmọ mi rẹ́rìn-ín ní yàrá. Mo rò pé o ga ju báyìí lọ."

Màmá ní òun ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ò kí àwọn mọ́. Ó ní tóun bá gbà á wọlé bí ìyàwó, ojú tí wọ́n á máa fi wo ọmọ òun, òun ò ní lè gbà á mọ́ra.

Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró, ó wo obìnrin náà. Ó ní kó jẹ́ káwọn lọ wo odò.

Àwọn obìnrin ń pọn omi níbẹ̀. Wọn ò dá ọkùnrin náà lóhùn nígbà tó kí wọn. Omi náà ṣì pọ́n díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n lápá òkè, èèyàn ti ń rí òkúta inú rẹ̀.

"Ó ti ń mọ́," ọkùnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Wá máa bá mi gbé," obìnrin náà wí. "Mú Màmá dání."

Ọkùnrin náà dákẹ́. Lórí fóònù, obìnrin náà ti mọ ìdákẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kò mọ̀ pé tó bá dákẹ́ báyẹn, omi á ti kún ojú rẹ̀.

"Màmá ò ní kúrò níbi tí wọ́n sin bàbá mi sí, èmi náà ò sì ní fi Màmá sílẹ̀. Mi ò bínú sí ọ, Oníbéèrè mi. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n má dúró dè mí."

Ó bá a gbé báàgì dé gáréèjì. Wọ́n jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì títí ọkọ̀ fi kún.

Ọkọ̀ ti rìn jìnnà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pè. Ó ní ṣé ó rí i. Obìnrin náà ní òun rí i. Ẹ̀gbọ́n ní báwo ló ṣe rí.

"Ó dáa ju ohùn rẹ̀ lọ, Àǹtí mi."

Ẹ̀gbọ́n kò dárúkọ odò, kò dárúkọ ọjọ́ orí.

"Má lọ sílé rẹ," ló wá sọ. "Ọ̀dọ̀ mi ni kó o máa bọ̀. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Ó gbé fóònù lé itan, ó fara ti fèrèsé, ó sì jẹ́ kí ẹkún náà wá, láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí.