Ọwọ́ Tí Kò Kan Ògiri

Ọwọ́ Àkànjí kò kan ògiri. Ó ku bí ìka méjì kó kàn án, ló bá dúró sínú afẹ́fẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ. Ó dijú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ó ti kàn án, àbí?"

Mo ní rárá, kó tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe, torí ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣètò iná ilé tuntun lè rò pé eré ọmọdé ni. Olùkọ́ ni mí ní Minna, iṣẹ́ iná ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá àwọn tó ń kọ́lé wo ibi tí iná wọn yóò wà. Ilé gbọ́dọ̀ ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù, kí a má tíì rẹ́ ẹ, torí a óò gbẹ́ ara ògiri kí a tó ri páìpù wáyà mọ́ ọn. Swíìṣì ni àwọn ènìyàn máa ń gbé síbi tí kò yẹ jù. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná á kàn fi gbogbo rẹ̀ sí ibi gíga kan náà. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo máa ń ní kí àwọn tó máa gbé ilé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dijú, kí wọ́n sì nawọ́ bí ẹni tó wọlé nínú òkùnkùn. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ wọn bá bà, ibẹ̀ ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí; àárín àwọn àmì náà ni swíìṣì máa ń wà. Ọwọ́ mọ ibi tó ń wá ju ojú lọ.

Àdúgbò Sauka Kahuta ní Minna ni ilé Àkànjí wà, lọ́dún 2003. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ni Àkànjí àti Adùnọlá ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n ti ń gbé yàrá kan, àwọn àti Kíkí ọmọbìnrin wọn, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Gidan Kwano ni Àkànjí ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́, ilé yìí ló máa kọ́kọ́ yà sí, á bomi rin búlọ́ọ̀kù kó tó lọ jẹun.

Adùnọlá ló kọ́kọ́ nawọ́ ní pálọ̀. Pàá! Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ènìyàn kúkúrú ni, àmì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kíkí, ṣé ògiri ń sá fún yín ni?" Adùnọlá ń rẹ́rìn-ín. "Kai! Ẹ nawọ́ dáadáa jàre. Ilé yín ni, kì í ṣe ilé àna."

Ó tún nawọ́. Kò kàn án. A lọ sí yàrá tí wọ́n máa sùn, kò kàn án níbẹ̀ náà. Ní yàrá Kíkí, mo ní kó sún síwájú díẹ̀. Ó sún, ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ ká padà fúnra rẹ̀, àlàfo ìka méjì yẹn ò sì yí padà. Oòrùn ọ̀sán mú gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí mo ti ìka mi bọ àárín ọwọ́ rẹ̀ àti ògiri, ibẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Adùnọlá. Ó pè mí sẹ́yìn ilé.

"Tíṣà, ṣé bó ṣe ṣe Àlàájì Bẹ̀llò ní Soje nìyẹn?"

Èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Lóòótọ́, mo ti sàmì sí ilé Àlàájì Bẹ̀llò rí. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan ògiri kankan, gbogbo wa sì fi í ṣẹ̀fẹ̀. Kí wọ́n tó kan òrùlé, ó ti kú. Àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní.

"Ṣé ẹnì kankan ti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Kò sẹ́ni tó rò ó."

Ó padà wọlé, ó di ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní kó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mo rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ìlẹ̀kùn tí ẹlòmíràn fẹ̀yìn tì lódì kejì. Lójijì, nǹkan náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Pàá!

"Hẹ̀! Ìyá Kíkí, o fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"Tíṣà, ẹ sàmì síbẹ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo yàrá. Nígbà tí a fi dé èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ Àkànjí ti ń lọ bá ògiri fúnra rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó ku kíṣìnnì. Àkànjí ti jáde lọ kí aládùúgbò kan tó ń kọjá, a ń gbọ́ "Sannu da aiki" àti ẹ̀rín wọn níta. Adùnọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dijú, ó nawọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú afẹ́fẹ́.

Ó lajú. Ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ìkòkò bóyá oúnjẹ ti jinná. Mo sáré di ọwọ́ náà mú kí n lè tì í, ṣùgbọ́n ó já a gbà.

"Rárá, Tíṣà." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "Tí ẹ bá tì í, ta ló kàn? Ẹ̀yin náà ní ọmọ nílé."

Mo sún sẹ́yìn.

"Ẹ má sọ fún un o." Ó nu ojú, ó sì gbóhùn sókè. "Bàbá Kíkí! Ẹ wá nawọ́ ní kíṣìnnì!"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Èmi tí n kò mọ omi í sè?"

"Ẹ óò kọ́ ọ," Adùnọlá ní. Ó wá nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri lókè, àmì kan ṣoṣo yẹn ló sì wà ní kíṣìnnì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an: bí wọ́n ṣe ń fọ ìrẹsì, bí ata ṣe ń jinná kí epo tó là lójú rẹ̀. Kò sí àìsàn kankan lára Adùnọlá nígbà náà. Kí ọyẹ́ tó dé, ó ti kú. Kò sùn nínú ilé náà rí.

Mo ṣì ń ṣètò iná fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ibi gíga kan náà ni mo ń fi gbogbo swíìṣì sí báyìí. N kì í ní kí ẹnikẹ́ni dijú mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo yà kí wọn, Kíkí gun àpótí kó tó lè tan iná kíṣìnnì. Bàbá rẹ̀ ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ̀yin tí ẹ máa ń fara balẹ̀, kí ló dé tí ẹ gbé swíìṣì yìí sókè tó báyìí? Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ìyá Kíkí ò ga."

Mo ní kó má bínú, mo ṣì í wọ̀n ni.