Olóoru Ilé Ìránṣọ

Abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè ọ̀gá télọ̀ náà, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn sì ti bò ó, nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ fojú kàn án nílé ìránṣọ. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí i, ó sì gbàgbé pé abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu òun.

"Ẹ yọ abẹ́rẹ́ yẹn ná, kẹ́ ẹ tó kí mi," ni ọmọbìnrin náà wí, ẹ̀rín sì pa á.

Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni kó ṣírò ooru tó ń jáde lára èèyàn àti lára iná nínú ilé, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n máa rà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé-iṣẹ́ wọn. Ti ilé ìránṣọ yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìyá fi lé e lọ́wọ́ lóun nìkan, ó sì ti kìlọ̀ pé bó bá ṣì í ṣírò, ẹlòmíràn lòun á máa gbéṣẹ́ fún.

Ó wá léraléra. Ọ̀gá télọ̀ á gbé àga fún un, á ní, "Olóoru wa, ẹ jókòó," á máa dápàárá títí ọmọbìnrin náà á fi gbàgbé ohun tó bá wá. Ká má parọ́, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Èèyàn díẹ̀ ló máa ń bá níbẹ̀, iná tó ń tàn ò sì pọ̀. Kí ló wá dé tí ògiri fi gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ó fọwọ́ kan gílóòbù tí kò tàn, ló bá jó o.

Lọ́jọ́ kejì, kò sọ fẹ́nì kan pé òun ń bọ̀. Gbogbo iná ló ń tàn, àwọn télọ̀ kún yàrá fọ́fọ́.

"Olóoru ti dé o!" lẹnì kan ké. Kíá ni wọ́n ń sáré jáde, tí ọ̀gá wọn ń paná.

"Ẹ dúró! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

Ojú ti ọkùnrin náà. "Mi ò fẹ́ kí ooru mú yín ni. Mo rò pé bí ibí bá tutù, ẹ ó pẹ́ díẹ̀."

"Ẹ wá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ̀rọ tí ò ní lè tu ilé yìí lára ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ rà." Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó pòṣé. "Ọkùnrin tó ń dáṣẹ́ dúró nítorí obìnrin, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọ?" Ó tẹ̀ lé e lọ wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo èèyàn wà nídìí iṣẹ́ wọn, gbogbo iná ń tàn, ọmọbìnrin náà sì ń ṣírò. Ìyá jókòó sábẹ́ iná, ó làágùn, ó làágùn.

"Ọmọ mi, pa ọ̀kan nínú iná yìí fún mi, jọ̀ọ́," ló wí fún ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá pa á, iṣẹ́ ọmọ yín á tún bàjẹ́."

Ìyá wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Ẹni tó lè jẹ́ kí n làágùn báyìí torí ẹ, mi ò ní í fi ọ́ dù ú."

Inú ọkùnrin náà dùn kọjá sísọ. "Ìfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun tòógùn. "Mo ti gbà tipẹ́," ló wí. "Ẹ ò kàn bi mí ni."