Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Dókítà Fi Sá

"Yọ ibẹ̀ yẹn kúrò!" Ọ̀gá ilé-ìwé na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ta ló fẹ́ gbọ́ pé dókítà wa sá?"

Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ oníkámẹ́rà ilé-ìwé náà tún ibẹ̀ gbé sí i. Fíìmù nípa ayé dókítà olóògbé náà ni wọ́n ń ṣe, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sọ gbọ̀ngàn tuntun ilé-ìwé. Akọni ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù náà, nọ́ọ̀sì tó bá a ṣiṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì, ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:

"Nígbà tí àrùn yẹn kọ́kọ́ wọ̀lú, dókítà sá lọ sílé, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dá wà pẹ̀lú aláìsàn mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ kẹrin ló padà dé, kò sì lọ mọ́ títí àrùn fi kásẹ̀ nílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ọmọbìnrin náà wí, "tí a bá yọ ọ́, ta la máa ní ó tọ́jú àwọn aláìsàn lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn?"

"Èmi lo ń bá jiyàn?"

Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀gá gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún igbákejì ọmọbìnrin náà. Igbákejì gé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì dànù, ó fi orin dí àlàfo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, àtẹ́wọ́ ro wàá. Nọ́ọ̀sì àgbà jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìyẹn ló dun ọmọbìnrin náà jù. Òdidi fíìmù ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ilé ìyàwó olóògbé lọ.

"Mà, mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ìyá wo fíìmù náà tán, wọ́n mí kanlẹ̀. "Orí àga tí o jókòó sí yẹn ló wà lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Èmi gan-an ni mo ní kó má padà. Ó ní, 'Ẹ̀rù ń bà mí o, àmọ́ irin kọ́ ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì náà.' Ló bá dìde. Ọkọ tèmi nìyẹn. Ẹni tí ẹ ń yìn kiri yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá fúnra wọn ló ní kí ọmọbìnrin náà lọ fi fíìmù náà han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Iwájú ni wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì àgbà jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́, inú bí i. "Wá tọrọ àforíjì!"

"Tí mo bá gbó yín lẹ́nu, ẹ má bínú, sà. Ti fíìmù yẹn, mi ò ní bẹ̀bẹ̀."

Wọn kò dá ipò náà padà fún un títí ó fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, akọni kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyìn ẹnìkan bo làálàá ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ lójú yín.