Dísíìkì Àkọ́kọ́

“Kí ẹ tó da fáìlì kọ, ẹ ka orúkọ ibi tí ẹ ń dà á kọ sí sókè. Kí ẹnì kejì yín wò ó, kó sọ pé ó tọ́.” Tíṣà kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó sì tún kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọ kíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá kò wo ògiri. Ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ sì ti lọ mu omi. Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí kò sí ohun tó lè mú un yára, omi mímu pàápàá.

Àwọn méjìlélógún ló wà ní kíláàsì àṣekágbá, kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń lò, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú ìwòran tirẹ̀. Iṣẹ́ ìdánwò wọn ni láti ṣe fáìlì kan tí yóò dúró bíi dísíìkì, kí wọ́n gbé Línúùsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sínú rẹ̀, kí wọ́n sì tan án nínú ètò kan tó máa ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni kọ̀ǹpútà. Tíṣà ń pè é ní kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Ohun yòówù kó bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ ó kàn pa fáìlì náà rẹ́ ni, ẹ ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Kíákíá ba tirẹ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkẹwàá dúró, bó sì ṣe tàn ló kọ ọ́ sójú ìwòran pé: “Ẹ káàbọ̀. Kíákíá ló ṣe èyí.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pa á, ó tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ku kó da fáìlì náà kọ sórí fúláàṣì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi tirẹ̀ lé Tíṣà lọ́wọ́ ni yóò lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ níbi ìdíje. Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe é.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi.”

“Pẹ̀lẹ́ ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Ilẹ̀ á ṣú kó tó dé.”

Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yìí, o ò ní kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ o.” Ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù náà fún un, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, dísíìkì kan ṣoṣo ló wà, dísíìkì àkọ́kọ́ sì ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìka Kíákíá fi ń tẹ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n níta rẹ̀, fúláàṣì rẹ̀ ni dísíìkì kejì. Dísíìkì àkọ́kọ́ ni ti kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ gbogbo wọn wà. Ìka rẹ̀ tẹ èyí tó ti mọ́ ọn lára.

Ó yẹ fúláàṣì rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún ohun tó tẹ̀ kà, ó sì rí i pé dísíìkì àkọ́kọ́ ló tẹ̀. Ó yẹ kó pariwo. Ó gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo èèyàn ṣì ń tẹ iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bóyá kò tiẹ̀ ṣẹlẹ̀, ló sọ fún ara rẹ̀. Ó ti ojú ìwòran rẹ̀ pa, ó sì fi fúláàṣì sápò.

Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, fáìlì àwọn ọmọ kíláàsì kò ṣí mọ́. Tíṣà bi Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ léèrè ẹni tó ṣí i fún.

“Kíákíá nìkan ni, Sà.”

“Mi ò kọ nǹkan kan o, Sà,” ni Kíákíá wí. “Pẹ̀lẹ́ ni mo ń dúró dè.”

Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ wò ó. Kí wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti gba ìdì kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé. Ó pa kọ̀ǹpútà ńlá náà, ó sì tún un tàn níṣojú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kan yọ sójú ìwòran: “Ẹ káàbọ̀. Kíákíá ló ṣe èyí.”

“Ta ló ń jẹ́ Kíákíá?” ni obìnrin náà bi wọ́n.

Gbogbo wọn yíjú sí Kíákíá.

Obìnrin náà mi orí. “Ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì nìkan ni fáìlì rẹ bò. Ká ní o sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì pa kọ̀ǹpútà, ǹ bá rí púpọ̀ nínú ìyókù yọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń tẹ iṣẹ́ lé e lórí títí di ìrọ̀lẹ́.”

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kò sún ọjọ́ síwájú. Àwọn mọ́kànlélógún tí iṣẹ́ wọn sọnù ni yóò tún ọdún yẹn kà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ kó padà wá, ó ní òun ò wá mọ́. Àṣìṣe ìka Kíákíá kì bá tí dé ibi tó dé yìí. Ẹnu tó pa mọ́ ló ba iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, irọ́ tó pa ló sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é lóore.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló yè lórí dísíìkì náà: tirẹ̀. Tíṣà ní kó dà á kọ, kí Pẹ̀lẹ́ sì dúró tì í bí òfin ṣe wí.

“Dísíìkì kejì,” ni Kíákíá kà sókè.

Pẹ̀lẹ́, tí kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò fi lé Tíṣà lọ́wọ́ mọ́, tẹjú mọ́ ojú ìwòran náà pẹ́.

“Ó tọ́,” ló wí.