Àkọ́so Oko Dùnsìn

Òórùn ọ̀pẹ òyìnbó gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Ìgbògbò. Dùnsìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń fi ọ̀bẹ gé wọn níkọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbìn wọ́n sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa so sì nìyí. Ìyá rẹ̀ àgbà dúró tì í, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó, wọ́n tó orí ọmọ tuntun! Mẹ́fà tó tóbi jù yìí, ti Ọlọ́run ni. Àkọ́so oko rẹ ni. Lọ́la lo máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo ti gbọ́, mà," ni Dùnsìn wí, àmọ́ ojú rẹ̀ ò dán.

Ìyá Ọmọ́ṣaléwá ló ń kọ ọ́ lóminú. Obìnrin yìí ló ń bójú tó àkọ́so nínú ìjọ wọn. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó o sí. Bí ìsìn bá ti parí, á kó àkọ́so náà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Garéèjì tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ń lọ, á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni: "Ibi tí Ọlọ́run rán mi ni." Kí ló dé tí kò lè dárúkọ ibẹ̀? Níbo ló ti rówó ra báàgì tuntun tó ń gbé kọ́ apá yẹn?

Lateefah, ọ̀rẹ́ Dùnsìn, tí ìyá rẹ̀ ń ta èso lọ́jà Agric, tún wá da epo síná.

"Mo rí i nínú mọ́tò Ẹ̀pẹ́ lóṣù tó kọjá, tòun ti àpò iṣu. Ṣé kò sí ọjà l'Ẹ̀pẹ́ ni? Ọ̀rẹ́, la ojú ẹ o!"

Dùnsìn dá a lóhùn pé, "Èmi ò ní fi oko mi bọ́ olè."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó tóbi fún Lateefah kí ìyá rẹ̀ bá a tà á. Ó wá ṣa wẹẹrẹ mẹ́fà míì sínú àpò. Ẹyẹ ti ṣá òmíràn jẹ nínú wọn, ìdí òmíràn ti ń rà. Ó so ẹnu àpò náà pinpin.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìsìn ń parí lọ, Pásítọ̀ ní kí wọ́n gbé àpò tí Dùnsìn fà lé Ìyá Ọmọ́ṣaléwá lọ́wọ́ láàárọ̀ jáde, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí àpẹẹrẹ rere. Ìyá Ọmọ́ṣaléwá gbé e wá, ó tú u. Ọ̀pẹ wẹẹrẹ tí ẹyẹ ti ṣá jẹ ló yí jáde.

"Èyí kọ́ o!" ni ìyá àgbà ké. "Ojú mi báyìí ni ọmọ mi ṣe ká àwọn ńláńlá!"

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?" ni ẹnì kan bèèrè.

"Mo ti ń fura tipẹ́," ni ẹlòmíràn wí.

Ìyá Ọmọ́ṣaléwá gbé àpò náà sókè. "N kò tú àpò yìí rí. Dùnsìn, sọ fún wọn. Èwo lo gbé wá?"

Gbogbo ojú yí sí Dùnsìn. Ó wolẹ̀.

"Àwọn ńlá ni mo gbé wá, mà."

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Nígbà tí Lateefah gbé owó ọ̀pẹ wá, Dùnsìn ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Lateefah ya ẹnu.

"Mo ní kí o la ojú ẹ, n ò ní kí o purọ́ mọ́ ọn. Dùnsìn, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta wá ni olè?"

Dùnsìn ò lè jẹun mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́wọ́ pẹ̀lú omijé. Pásítọ̀ mi orí.

"Ẹ̀pẹ́ ni Ìyá Ọmọ́ṣaléwá ń kó àkọ́so lọ lóòótọ́. Àwọn opó apẹja kan wà níbẹ̀ tí ìjì gbé ọkọ wọn lọ lórí ọ̀sà. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má sọ orúkọ àwọn káàkiri, ló fi pa ẹnu mọ́. Èmi náà jẹ̀bi. Mo mọ ibi tó ń lọ, mo sì jẹ́ kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo yín lẹ fura sí i, àmọ́ kì í ṣe òun ni olè tí a rí mú."

Dùnsìn lọ kúnlẹ̀ nílé Ìyá Ọmọ́ṣaléwá, ó gbé owó ọ̀pẹ náà síwájú rẹ̀ kó lè bá a fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́. Obìnrin náà fà á dìde.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Owó yìí á débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ dá kọ́kọ́rọ́ yẹn padà, n kò gbà á mọ́. Ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Dùnsìn ju ẹgba lọ. Oko á tún so, ṣùgbọ́n àkọ́so kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yé e pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí a bá ń fura sí ọwọ́ tó ń gba ọrẹ wa, gbangba ni ká ti bèèrè. Ká má fi ìfura bo ojúkòkòrò tiwa mọ́lẹ̀, nítorí Ọlọ́run tí à ń mú àkọ́so wá fún mọ ohun tí a so mọ́nú àpò.